Lẹ́tà Inú Ẹ̀rọ Oyèkúnlé

Ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn náà dé Aiyétòrò, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti sin Oyèkúnlé ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà. Ọjọ́ kan péré ni, àmọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti bo ojú bàbá ẹni, ọjọ́ kan àti ọgọ́rùn-ún ọdún, ọgbọọgba ni.

Kì í ṣe pé wọn kò pe Lábísí. Kòkúmọ́, ọmọ tí Oyèkúnlé bí sí ọ̀hún, pè é láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ńjúù o. Ẹ kú ọyẹ́. Ṣé dáadáa ni Màmá wà? Ará Kétu ń kí yín. Bàbá náà… ẹ ṣáà máa bọ̀, bí ẹ bá ráàyè."

Lábísí kí i padà, ó ní òun á gbìyànjú kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ó ro ti àwọn sójà tó dí bọ́dà láti oṣù kẹjọ, ó ro ti ọ̀nà inú igbó tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà ní ẹ̀yìn Ìlarà, ó sì ń bá ilẹ̀ rẹ̀ gbá lọ. Ọjọ́ kejì tó pè láti béèrè ọ̀nà ni Kòkúmọ́ bú sẹ́kún.

"A ti sin wọ́n lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A dúró dè yín títí."

"Ta ló sọ fún mi pé wọ́n kú?"

"Èmi ni. Mo ní kí ẹ máa bọ̀."

Lábísí fẹ́ bínú, kò rí ibi tí yóò ti mú un. Ta ló ń ju òkú bàbá ẹni sí ẹni létí láàárọ̀, bí ẹni ń polówó ẹja? Bí wọ́n ṣe tọ́ Kòkúmọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Kòkúmọ́ fa imú, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àáfà máa ní kí àwọn ọmọ dìde, wọ́n á sì máa pè wọ́n lórúkọ láti orí àkọ́bí. Ẹ… ẹ ṣáà rò ó wò."

Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí kò sọ yé Lábísí yékéyéké. Òun ni àkọ́bí.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ni Hùmúàní, ìyá rẹ̀, jókòó sí, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, nígbà tí Lábísí sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó tún ń lọ.

"Ọlọ́run á dárí jì í," ó ní. Ó mú òkúta kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "O ò ní lọ síbẹ̀ o."

"Màmá, ọjọ́ kẹjọ—"

"Ọkùnrin tó fi ojú ara rẹ̀ ka lẹ́tà oyún, tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì ni mo fi ń rìn ní ẹ̀bá ògiri nínú ìlú yìí. Bí o bá lọ dìde láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo ayé á ní irọ́ ni mo ń pa láti ọjọ́ yìí. Bí o bá lọ, jókòó síbẹ̀. Má padà wá bá mi."

Ìtàn náà kò gùn. Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìlaró tó ń ra òwú àti kòkó. Koríko ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń gbé inú yàrá tútù bí ọba, tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Unix. Oyèkúnlé, ọmọ Kétu, ni olùtọ́jú rẹ̀. Hùmúàní ń tẹ̀wé ní yàrá kejì, níbi ojú ìkọ̀wé kan tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ náà. Ìfẹ́ wọ àárín wọn ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí Hùmúàní mọ̀ pé òun ti lóyún, Oyèkúnlé ti lọ tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Kétu. Ẹ̀rọ náà máa ń gbé lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan sí òmíràn, Hùmúàní sì kọ ọ̀kan sí i. Oyèkúnlé wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí Hùmúàní wà nílé nítorí èébì àárọ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ìparí oṣù, ó tún sọdá bọ́dà. Kò fèsì. Nígbà tó fi padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àwọn ẹ̀gbọ́n Hùmúàní fi àdá pàdé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Aiyétòrò, wọ́n parọ́ fún un pé àbúrò àwọn ti lọ sílé ọkọ, wọ́n ní kó má tún fi ojú kàn án.

Ohun tí Hùmúàní mọ̀ nìyẹn. Ohun tí Oyèkúnlé mọ̀ yàtọ̀. Ní èṣí, oníṣòwò kan láti Ìmẹ̀kọ fún Lábísí ní nọ́ńbà Oyèkúnlé, ó sì pè é.

"Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé mo bímọ sí Aiyétòrò," ni Oyèkúnlé wí.

"Màmá ní àwọn kọ ọ́ sí yín nínú ẹ̀rọ."

"Bí ó bá kọ ọ́, ó ṣì wà níbẹ̀."

Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ní ìparí oṣù, kó da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà sórí tépù méjì: ọ̀kan á sùn ní ọ́fíìsì, ọ̀kan á bá a lọ sílé, nítorí iná. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé kó tó rí àyè dá tépù ìkẹyìn padà. Ó fi í sínú páànù bísíkíìtì, ó gbé e sí àjà, ó wà níbẹ̀ títí orí Oyèkúnlé fi funfun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì tó wà lọ́nà Kútọnu ló bá a sọ ọ́ di fáìlì. Ọlọ́kadà kan mú un wá fún Lábísí nínú fláàṣì ní oṣù keje, Oyèkúnlé fúnra rẹ̀ sì ní òun ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án kí àwọn méjèèjì jọ jókòó tì í. Oṣù kẹjọ ni ìjọba ti bọ́dà pa.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kò lè sọdá, ó rán ohùn. Ó sọ gbogbo iṣẹ́ náà sórí fóònù, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, mọ́kànlá. Lábísí ti ṣe mẹ́ta. Ó ń sọ pé bí epo bá wà òun á ṣe ìyókù. Epo kò wà, iṣẹ́ oníṣẹ́ sì ń wọlé, oṣù kan di méjì. Ìyẹn ló ń ta á lọ́kàn jù, pé bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ń dúró de ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ku ọjọ́ méjì, ó lọ bá Bàrúwà, ẹni tó ń lẹ táyà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ epo má dé ìtòsí bọ́dà mọ́, jẹ́nẹ́rétọ̀ Bàrúwà nìkan ló ṣì ń dún ní àdúgbò.

"Lábísí, epo tó wà níbí yìí, ìyàwó mi gan-an ò mọ ibi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí," Bàrúwà ní. "Bó bá mọ̀, á ní kí n wá lọ ata."

"Ẹ̀gbọ́n, wáyà kan péré ni mo fẹ́ fà. Ọjọ́ méjì."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ jí kọ̀ǹpútà kan tó ti kú."

Bàrúwà rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó fún un ní wáyà.

Ẹ̀rọ gidi kò sí láyé mọ́. Àmọ́ ètò kan wà tó ń mú kí láàpútọ́ọ̀pù ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́ náà, pẹ̀lú dísìkì rẹ̀ àti tépù rẹ̀. Àfarawé ni gbogbo rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ ẹ̀wù ẹni tó ti kú, tó sì ń rìn bíi tirẹ̀. Unix tí wọ́n bá gbé lé e kò ní mọ̀. Á jí, á sì rò pé inú yàrá tútù ní Ìlaró lòun wà.

Lábísí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí eruku ọyẹ́. Ó tẹ ohùn kẹrin.

"Ó dáa. Ìwọ náà jókòó," ni Oyèkúnlé wí, ó sì wúkọ́. "Ẹ̀rọ yìí kò mọ bọ́tìnnì ìparẹ́ tiyín. Bí o bá ṣì í tẹ̀, àmì háàṣì, èyí tó rí bíi fèrèsé onírin, lo máa tẹ̀, á gbé ẹyọ lẹ́tà tí o tẹ̀ kẹ́yìn mì. Má sì fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ fún un láéláé, á máa pariwo mọ́ ọ. Ní báyìí, sọ fún un irú dísìkì tó ní. Tẹ̀ ẹ́." Ó dákẹ́. Aago ń lọ nínú yàrá tó ti ń sọ̀rọ̀, àkùkọ kan kọ lókèèrè, ní Kétu, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. "Ó ti dáhùn?"

"Ó ti dáhùn, Bàbá," Lábísí wí kó tó mọ̀ pé òun la ẹnu.

Báyìí ni ohùn Oyèkúnlé ń ṣe ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀, á sì béèrè bóyá ẹ̀rọ ti dáhùn, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn Lábísí tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà kejì lọ, Lábísí bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń mi orí lásán.

Ní ìgbésẹ̀ kẹfà, ẹ̀rọ náà kú. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù kan ṣoṣo, panic, ó sì dúró gbagidi. Lábísí wá àṣìṣe náà fún wákàtí méjì kó tó rí i pé dísìkì kékeré lòun pè ní ńlá. Ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó tẹ ohùn keje, ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀rín.

"Bí ó bá ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́, má sunkún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló kú mọ́ èmi náà. Ikú tirẹ̀ kì í ṣe ikú. Padà sí ìkẹrin."

Ó padà sí ìkẹrin.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ẹ̀rọ náà dìde. Àmì kékeré kan jáde lójú láàpútọ́ọ̀pù, ó ń ṣẹ́jú. Ó béèrè ọjọ́ òní lọ́wọ́ rẹ̀. Oyèkúnlé ti kìlọ̀ pé kó má ṣe sọ òtítọ́ fún un, kò ní gba ọdún 2019 gbọ́. Kó sọ pé oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni. Lábísí parọ́ náà. Ẹ̀rọ gbà á gbọ́, ó da ohun tó wà lórí tépù sínú dísìkì rẹ̀, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ lójú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí èrò tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Mélòó ló ṣì wà láàyè nínú wọn? Ẹ̀rọ kò mọ̀. Lójú tirẹ̀ gbogbo wọn ń bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la.

Ó tẹ ohùn kẹsàn-án. Kò gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

"Orúkọ mi ni kí o kọ. Lẹ́yìn náà, á béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìyẹn…" Oyèkúnlé wúkọ́ pẹ́. "Orúkọ tí mo fi ń pe ìyá rẹ ni, bó bá ku àwa méjì. Kò yẹ kí n pè é lórí fóònù. Mo mọ̀ pé o lè gba ọ̀nà míràn wọlé, ìwọ lo ni ẹ̀rọ báyìí. Àmọ́ ọmọ kì í gba ojú fèrèsé wọ yàrá bàbá rẹ̀. Lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń dúró."

Abọ́ já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Hùmúàní ló dúró sí ẹnu ọ̀nà, mọ́ínmọ́ín tó gbé wá fún un fọ́n sílẹ̀ nínú eruku. Kò wo mọ́ínmọ́ín. Fóònù ló ń wò.

"Ohùn rẹ̀ kò yí padà," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Ó ní òun ń dúró. Ṣé o dá a lóhùn? Lábísí! A kì í dá òkú lóhùn o."

"Mi ò dá a lóhùn," Lábísí wí. Irọ́ ni, ó ti dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ó sọ ohun tó ń ṣe fún un. Ó rò pé ìyá òun á pa jẹ́nẹ́rétọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ojú Hùmúàní ń tàn bí ojú ẹni tí wọ́n mú ẹlẹ́rìí dé ilé ẹjọ́ fún lẹ́yìn tí adájọ́ ti dìde.

"Lẹ́tà mi wà níbẹ̀?"

"Bí wọn kò bá pa á rẹ́."

"Ó dáa. Wàá fi ojú ara rẹ rí i pé ó kà á. Kí ni orúkọ tó ń béèrè?"

"Èyí tí wọ́n fi ń pè yín."

Hùmúàní wo ọmọ rẹ̀, ó wo ògiri. Ojú tì í bí ọmọge. "Mi ò lè pè é síta. Sún."

Ó jókòó. Láti ọdún tí ilé-iṣẹ́ náà ti lé e kò fọwọ́ kan ohun ìtẹ̀wé, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì lọ jókòó sí àyè wọn fúnra wọn. Ó tẹ orúkọ Oyèkúnlé. Lẹ́yìn náà, ó tẹ orúkọ kejì, ohunkóhun kò sì hàn lójú ẹ̀rọ, torí pé ẹ̀rọ náà kì í fi ọ̀rọ̀ àṣírí hàn. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè fún ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì wọ inú òkùnkùn lọ. Ẹ̀rọ ronú. Ó ṣílẹ̀kùn.

Ó kí Oyèkúnlé káàbọ̀. Ó sọ fún un pé ìgbà tó wọlé kẹ́yìn ni Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin, ọdún 1987, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

"Ṣé o rí i?" Hùmúàní na ìka sí i. "Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ló wọlé. Ó bá a níbẹ̀!"

Lábísí tẹ ohùn kẹwàá, ó sì ṣe bí ó ti wí. Ó ní kí ẹ̀rọ to ohun tó wà nínú yàrá bàbá rẹ̀ síta. Oyèkúnlé ti pa gbogbo lẹ́tà rẹ̀ rẹ́, ti ọ̀gá, ti àwọn ẹlẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló tọ́jú, ó sì fún un ní orúkọ: awero.

Àwẹ̀ró. Lábísí yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fi gèlè bo ojú.

"Ó kà á," Hùmúàní ń sọ lábẹ́ gèlè. "Ó kà á, ó tún tọ́jú rẹ̀. Kí ni mo sọ fún ọ? Ṣí i. Kà á sí mi létí."

Ó ṣí i. Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Lábísí fúnra rẹ̀ ló ń fi ohùn sí i bó ṣe ń kà á lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé ara wọn ti ń le díẹ̀díẹ̀? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ọ̀gá ń béèrè yín. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìtutù tún ti já, wọ́n ti tún un ṣe. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ ṣáà máa bọ̀, bí ẹ bá ráàyè. Èmi ni, Hùmúàní."

Ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí ohun mìíràn mọ́.

Jẹ́nẹ́rétọ̀ Bàrúwà ń dún níta. Hùmúàní ti ṣí gèlè kúrò lójú.

"Kà á parí."

"Mo ti kà á parí, Màmá."

"Ó ku ibì kan. Mo sọ fún un. Mo rántí ọjọ́ náà, mo sọ fún un."

"Ó wà lójú ẹ̀rọ, ẹ wò ó."

Hùmúàní wò ó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì. "Ọ̀rọ̀ wo ni obìnrin ń pe ọkùnrin wá gbọ́ bẹ́ẹ̀?" ó ní, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ó yẹ kó mọ̀. Ẹni tó ní làákàyè á mọ̀."

Lábísí ro ti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń bá ilẹ̀ gbá lọ. Bí ẹ bá ráàyè. Òun náà ní làákàyè. Òun náà kò mọ̀.

Ohùn kan ló kù. Ó tẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìkọkànlá nìyí," ni Oyèkúnlé wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. "Mi ò rántí lẹ́tà kankan tó sọ ti ọmọ. Èyí tí mo rántí, ó kí mi ni, ìkíni náà sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè pa á rẹ́. Àmọ́ àgbà ń gbàgbé. Bí o bá rí i pé mo kà nípa rẹ, tí mo sì lọ, mo jẹ̀bi, má bá wọn dìde lórí sàréè mi. Ohun tí o bá rí ni kí o gbà." Ikọ́. Aago. Àkùkọ náà. "Ó ti dáhùn?"

Ó fi àyè sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lábísí wo ìyá rẹ̀. Hùmúàní kò kìlọ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ wà lórí orúkọ kékeré náà lójú ẹ̀rọ.

"Ó ti dáhùn, Bàbá," Lábísí wí.

Níta, jẹ́nẹ́rétọ̀ sọ hẹ̀ẹ́, ó dákẹ́. Epo ti tán. Láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́ ṣókùnkùn, Ìlaró ọdún 1987 sì tún lọ síbi tó ń lọ.

Hùmúàní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa mọ́ínmọ́ín inú eruku padà sínú abọ́ bí ẹni pé ó ṣì ṣe é jẹ. "Ọyẹ́ ọdún yìí le o," ó ní. "Lọ́la, ó yẹ kí ènìyàn jókòó sílé ni."

Ìkíni ti kún ẹnu Lábísí. Ẹ kú ìrọ̀jú, Màmá. Ẹ kú àárẹ̀. A máa sọ ọ́ tó bá yá. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ìyá rẹ̀, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kò sọ fún un. Mo ń lọ sí Kétu lọ́la, láàárọ̀ kùtù. Bí àáfà bá pe ọmọ Oyèkúnlé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn náà mo máa padà wá sílé, ẹ̀yin lẹ máa ṣílẹ̀kùn fún mi tàbí kí ẹ má ṣí i. Àmọ́ mo ń lọ."